SÍSIN ÌDÍLÉ ÈÈRÀ NÍNÚ ILÉ: OHUN TÍ OLÙKỌ́ YORÙBÁ LÈ RÍ KỌ́ NÍNÚ RẸ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù ni òwe yìí ń kọ́ni, a sì máa ń pa á fún ọmọ tí ó bá ń kánjú. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìfun nìkan ni ẹni tí ó pa èèrà lè rí. Kò lè rí bí èèrà ṣe ń tọ́ ọmọ, kò lè rí bí ó ṣe ń fi ẹnu fún ẹnìkejì rẹ̀ ní oúnjẹ, kò sì lè rí bí ó ṣe ń gbé òkú jáde nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìwọ̀nyí, sísin ni yóò sin èèrà, kò ní pa á.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni bí a ṣe lè sin ìdílé èèrà kan nínú ilé tàbí nínú kíláàsì, tí yóò fi pẹ́ lọ́dọ̀ ẹni. A ó ṣàlàyé irú èèrà tí ó yẹ, bí a ṣe ń rí ìyá wọn mú, ilé tí a ń kọ́ fún un, oúnjẹ rẹ̀ àti àwọn àṣìṣe tí ó lè pa á. A ó sì yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn ni orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe èèrà ńlá tí ó ń yé ẹyin. Èrò wa ni pé orúkọ tí olùkọ́ bá pè é ni yóò pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí nígbà tí ó bá ń wò ó.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, kí ó sì yege. Láti ìgbà náà ni ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ń lọ síwá sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà. A kò ní agbára lórí ìkéde ìjọba. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni àkókò iṣẹ́ Yorùbá tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Bí a bá lè gbé ohun abẹ̀mí kan ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò náà, tí a sì fi Yorùbá tí ó já gaara ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ náà yóò mọ̀ pé èdè òun kì í ṣe èdè àlọ́ ìjàpá nìkan.

Ìtàn sísin èèrà ní ṣókí

Sísin èèrà kì í ṣe àṣà àwọn baba wa. Èèrà tí ó bá wọ inú ilé, eérú tàbí kẹrosíìnì ni a fi ń lé e. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni John Lubbock, òṣìṣẹ́ báńkì tí ó tún jẹ́ aṣòfin, ti gbé èèrà wọ yàrá ìkàwé rẹ̀. Ó fi wọ́n sí àárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì tí iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ wà láàárín wọn, ó fi ọ̀dà sàmì sí ara wọn kí ó lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1882. Ìyá èèrà kan gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 15.

Ní ọdún 1956, Milton Levine ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí oníke pẹlẹbẹ tí ọmọdé lè máa wo èèrà nínú rẹ̀. Àpótí náà tà púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ nìkan ni èèrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá rà á, kò sí ìyá láàárín wọn. Nítorí náà, láàárín oṣù díẹ̀, gbogbo wọn a kú tán láìsí ìkankan tí yóò rọ́pò wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Lubbock àti àpótí yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó kó èèrà jọ kò tíì sin èèrà. Ẹni tí ó ní ìyá wọn ni ó ní ìdílé.

Èèrà àti ìdílé rẹ̀

Orúkọ tí Yorùbá ní fún àwọn ẹ̀dá yìí kò kéré. Èèrà ni kékeré tí ó ń tọ ṣúgà kiri inú ilé. Tanpẹ́pẹ́ ni kékeré tí ó ń tani bí iná. Ìkamùdù ni ńlá dúdú tí òórùn rẹ̀ burú. Ìjàlọ ni àwọn tí ń tò lọ bí ọmọ ogun. Ikán kò sí lára wọn rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà wọ́n mọ́ ara wọn. Àwọn onímọ̀ fi hàn pé aáyán ni ìbátan ikán, nígbà tí èèrà bá oyin àti agbọ́n tan. Irú èèrà tí wọ́n ti fún ní orúkọ ní gbogbo àgbáyé lé ní 14,000.

Nínú ìdílé èèrà, abo ni gbogbo òṣìṣẹ́. Ọmọ ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tí ó ń yé ẹyin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n sì jẹ́ sí ara wọn. Àwọn akọ kì í jáde àfi ní àsìkò tí wọn yóò gùn. Wọ́n ní ìyẹ́, wọn kì í ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gun abo. Ìgbà kan péré yìí ni abo ń gba àtọ̀, yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹyin tí ó bá fi àtọ̀ náà kàn yóò di abo, èyí tí kò bá fi kàn yóò di akọ.

Ẹyin èèrà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi ní tètè rí i. Ìdin ni ó ń jáde láti inú ẹyin, kò lẹ́sẹ̀, kò sì lè bọ́ ara rẹ̀. Nínú irú èèrà tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ìdin tí ó bá ti yó tó yóò hun àpò fẹ́lẹ́ sí ara rẹ̀ lára, inú rẹ̀ ni yóò sì ti di èèrà. Àwọn nǹkan funfun gbọọrọ tí a máa ń rí lẹ́nu èèrà nígbà tí ilé wọn bá fọ́, tí a ń pè ní ẹyin èèrà, kì í ṣe ẹyin. Ìdin ni, tàbí ọmọ tí ó wà nínú àpò.

Ayaba ni tàbí ìyá?

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin tí ó jọba ni wọ́n fi ń pe èèrà tí ó ń yé ẹyin. Àwọn tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá a máa lo ayaba tàbí ọbabìnrin. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé òṣùwọ̀n, wọn kò bá a mu. Ayaba ni aya ọba, bẹ́ẹ̀ ni èèrà yìí kò ní ọba kankan tí ó fẹ́ ẹ. Ọbabìnrin ni obìnrin tí ó ń ṣàkóso ìlú, bẹ́ẹ̀ ni èèrà yìí kì í ṣàkóso. Kì í pàṣẹ ibi tí a ó ti wá oúnjẹ, kì í sì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Bí ilé bá bàjẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń wá ibòmíràn, wọ́n sì lè fà á lọ síbẹ̀ bí ẹrù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó la ojú wa sí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó sì gbé ìgò èèrà dání. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ọbabìnrin èèrà nìyí." Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ kan béèrè pé, "Àǹtí, àwọn wo ni ìjòyè rẹ̀?" Òmíràn ní, "Ṣé ó máa ń ní kí wọ́n na àwọn tí kò bá ṣiṣẹ́?" Kò sí èyí tí ó ṣe é dáhùn nínú méjèèjì, nítorí orúkọ tí olùkọ́ pè é ni ó bí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbà á níyànjú pé kí ó pè é ní ìyá èèrà ní kíláàsì kejì. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde ni, "Àǹtí, ṣé òun nìkan ni ó bí gbogbo wọn?" Èyí tí ó tẹ̀lé e ni, "Bàbá wọn ńkọ́?" Ìbéèrè méjì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìmọ̀ nípa èèrà, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni ó sì béèrè wọn.

Ẹnìkan lè takò wá pé ìyá a máa tọ́jú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni èèrà yìí kì í tọ́jú ju àwọn ọmọ àkọ́bí lọ. Lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọ ni ó ń fi ẹnu bọ́ òun fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní òwe fún un: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Nítorí náà, ìyá èèrà ni a ó máa lò nínú iṣẹ́ yìí.

Irú tí ó yẹ àti bí a ṣe ń rí ìyá wọn

Kì í ṣe gbogbo èèrà ni ó ṣe é sìn. Ìjàlọ kò ṣe é sìn rárá, nítorí wọ́n pọ̀ lọ́nà tí kò lóǹkà, wọn kì í sì í gbé ojú kan. Tanpẹ́pẹ́ kéré jù, oró rẹ̀ sì burú fún ọmọdé. Èyí tí a rí pé ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni èèrà ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń rìn lóru lára ògiri àti lábẹ́ igi jíjẹrà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camponotus maculatus. Ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í tani, nítorí kò ní ìtani. Ó lè géni jẹ, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kì í pẹ́. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Àwọn kan kéré, àwọn kan sì tóbi, orí wọn a sì rí gbàǹgbà. Ìyàtọ̀ yìí a máa dùn mọ́ àwọn ọmọdé nínú.

A kì í wú ilé èèrà láti wá ìyá wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó máa ń wà, ọkọ́ lè pa á kí a tó rí i, gbogbo ìdílé yóò sì parun lásán. Àsìkò òjò ni a ń dúró dè. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ a máa wá sí ìdí iná lójúde. Èsúnsún, tí ó jẹ́ ikán oníyẹ̀ẹ́, ni ó máa ń pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà ó yẹ kí a lè dá wọn mọ̀. Ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin èsúnsún gùn dọ́gba, ìbàdí rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ara rẹ̀ yòókù. Ti èèrà, ìyẹ́ iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìwo méjèèjì tí ó fi ń fọwọ́ ba nǹkan sì tẹ̀ bí ìgúnpá.

Èyí tí a ń wá ni abo ńlá tí ó ti bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sọnù, tí ó ń sáré kiri lẹ́bàá ògiri bí ẹni tí ó ń wá ilé. Ó ṣeé ṣe gidigidi kí irú èyí ti gba àtọ̀. Kí a má fi ọwọ́ fún un. Kí a da ife bò ó, kí a sì ti ìwé pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan tó.

Ilé àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ní yàrá sáyẹ́ǹsì ni ilé tí ó dára jù fún ìyá èèrà tí kò tíì ní ọmọ. A ó bu omi tútù tí ó mọ́ sí i dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. A ó ki òwú bọ inú rẹ̀ títí tí yóò fi kan omi, tí omi kò sì ní lè ṣàn kọjá. A ó fi àyè tí ó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ fún ìyá èèrà, a ó sì fi òwú mìíràn dí ẹnu ìgò, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. A ó fi ìwé dúdú wé e, a ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja ní ibi tí ó ṣókùnkùn, tí oòrùn kò sì dé. Ooru inú yàrá wa nílẹ̀ Yorùbá tó fún un. Kí a má gbé e sórí fíríìjì tàbí sítòsí jẹnẹrétọ̀, nítorí ìmìtìtì a máa dà á láàmú.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tí ó kù fún wa ni kí a fi í sílẹ̀. A kò ní fún un ní oúnjẹ. Nínú ilẹ̀, ńṣe ni ìyá èèrà irú yìí máa ń dí ẹnu ihò mọ́ ara rẹ̀, kò sì ní jáde títí ọmọ rẹ̀ yóò fi dàgbà. Iṣan tí ó fi ń fò tẹ́lẹ̀ ni ara rẹ̀ ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, láti ara iṣan yìí àti ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó sì ti ń rí ohun tí ó fi ń bọ́ àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Iṣan ìyẹ́ tí kò wúlò fún un mọ́ ni ó di oúnjẹ ọmọ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò jáde. Wọn yóò kéré ju àwọn tí yóò tẹ̀lé wọn lọ, nítorí oúnjẹ tí ìyá wọn fi tọ́ wọn kò pọ̀.

Ní ibi yìí ni òǹkọ̀wé yìí ti kọ́kọ́ kùnà. Ìyá èèrà àkọ́kọ́ tí a mú yé ẹyin mẹ́jọ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Inú wa dùn, a sì ń tú ìwé dúdú náà wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. A tilẹ̀ ń pe àlejò wá wò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹyin mẹ́ta ni ó kù. Ní ọjọ́ kọkànlá, kò ku ìkankan. Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó jẹ wọ́n. Ìyá èèrà tí ìmọ́lẹ̀ àti ìmìtìtì bá ń dẹ́rù bà a máa jẹ ẹyin rẹ̀ padà, kí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ má baà ṣòfò. A mọ òwe sùúrù lórí, a sì ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, síbẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá péré ni ó gba kòkòrò kan láti fi hàn wá pé a kò tíì kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti wò ó, fún ìṣẹ́jú kan.

Oúnjẹ àti ìmọ́tótó

Bí òṣìṣẹ́ bá ti jáde ni fífún wọn ní oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni oúnjẹ wọn. Àkọ́kọ́ ni ohun dídùn: oyin tí a fi omi là tàbí omi ṣúgà, ẹ̀kán kan péré. Èyí ni àgbà èèrà fi ń rí okun ṣiṣẹ́. Èkejì ni ẹran: eṣinṣin, ìrẹ̀, tata kékeré, tàbí itan aáyán. Ìdin ni ó nílò èyí jù, nítorí òun ni ó ń dàgbà. Bí a bá rí i pé òṣìṣẹ́ kò bìkítà fún ẹran mọ́, ó ṣeé ṣe kí ìdin má sí nílé.

Inú méjì ni èèrà ní. Inú kan jẹ́ ti ara rẹ̀, èkejì jẹ́ ti ìdílé. Òṣìṣẹ́ tí ó bá jáde yóò mu omi ṣúgà sínú èyí tí ó jẹ́ ti ìdílé, yóò gbé e wálé, yóò sì máa fi ẹnu ko ẹnu pín in fún àwọn tí kò jáde. Bí a bá fi àró oúnjẹ tí kò lè pa wọ́n là mọ́ omi ṣúgà, a ó rí i bí àwọ̀ náà yóò ṣe máa hàn nínú ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí tí yóò fi kárí ilé.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí a máa fún wọn ní oúnjẹ, kí a sì kó ìyókù kúrò ní ọjọ́ kejì kí ó má baà bu. Kòkòrò tí a bá fẹ́ fún wọn, kí a kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná, kí a sì rí i dájú pé kò sí oògùn apakòkòrò lára rẹ̀. Ìdílé wa kejì ti di òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógójì nígbà tí a fún wọn ní itan aáyán kan tí a rí ní ilé ìdáná. A kò mọ̀ pé ará ilé kan ti fín oògùn síbẹ̀ lálẹ́ àná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti kú, àti ìyá wọn. Oúnjẹ tí ẹnìkan jẹ ni gbogbo wọn jẹ, nítorí náà májèlé tí ẹnìkan gbé wálé, gbogbo ilé ni ó gbé e fún. Láti ìgbà náà, a kì í fún èèrà wa ní kòkòrò tí a kò bá fi ọwọ́ ara wa mú láàyè.

Ní àkókò ọyẹ́, omi inú ìgò a máa tètè gbẹ. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí omi bá fẹ́ tán tàbí tí òwú bá dúdú, a ó ṣe ìgò tuntun, a ó fi ẹnu rẹ̀ ko ẹnu ti àtijọ́, a ó sì ṣí ìwé kúrò lára ti àtijọ́. Àwọn èèrà fúnra wọn yóò kó lọ sí ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì ní omi.

Ilé tuntun

Bí òṣìṣẹ́ bá ti tó ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè kọ́ ilé tí ó gbòòrò fún wọn. Píòpí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń ṣe àjà ilé dára fún un. A ó pò ó sínú àpótí kékeré, a ó gbẹ́ yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ sí i lójú kí ó tó gan, a ó sì fi gíláàsì bò ó lẹ́yìn tí ó bá gbẹ tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ni a ó máa kán omi sí, kí ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní gbígbẹ. Àwọn èèrà ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò tẹ́ ọmọ sí. A ó fi ọ̀nà so ilé yìí mọ́ ike kan tí kò ní ohunkóhun nínú ju oúnjẹ lọ. Ike yìí ni pápá wọn.

Kí wọ́n má baà sá jáde, a ó po páúdà mọ́ sípíríìtì, a ó fi òwú kùn ún yí ẹnu ike náà ká nínú, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹsẹ̀ èèrà kì í di páúdà gbígbẹ mú. Fasilíìnì náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ooru a máa yọ́ ọ.

Ní igun kan pápá yìí ni wọn yóò dá àkìtàn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó pàǹtí àti òkú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Wilson ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1958 pé òórùn ni èèrà fi ń mọ òkú. Bí wọ́n bá fi òórùn òkú ra èèrà ààyè lára, àwọn yòókù yóò gbé e lọ sí àkìtàn bí ó tilẹ̀ ń jà, bí ó bá sì padà wálé, wọn yóò tún gbé e lọ títí òórùn náà yóò fi tán lára rẹ̀.

Ààlà tí kò yẹ kí a kọjá

Sísin èèrà ti di òwò ńlá nílẹ̀ òkèèrè, èèrà ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin méjì ará Bẹ́ljíọ̀mù ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà pẹ̀lú ìyá èèrà tí ó tó nǹkan bí 5,000. Inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ olówùú, irú èyí tí a júwe lókè, ni wọ́n kó wọn sí. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan owó Kẹ́ńyà, tàbí kí wọ́n lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 12. Ohun tí ó jọ eré ní ojú ẹni tí ó ń ṣe é lè jẹ́ olè jíjà ní ojú ilẹ̀ tí wọ́n ti kó o. Ìyá èèrà kan tí a mú lọ jẹ́ ìdílé kan tí kò ní sí mọ́, àti ilẹ̀ kan tí wọn kò ní hú mọ́.

Òfin mẹ́ta ni a fi lé ara wa lọ́wọ́ ní ẹ̀ka wa. Ìyá kan ṣoṣo ni kíláàsì kan yóò mú lọ́dún. A kò ní ra èèrà láti òkèèrè, a kò sì ní ta tiwa fún ẹnikẹ́ni, nítorí èèrà àjèjì tí ó bá sá jáde lè lé onílé kúrò nílé. Bí sísìn rẹ̀ bá sì sú ni, ibi tí a ti mú un gan-an ni a ó dá a padà sí.

Ìlò rẹ̀ nínú iṣẹ́ Yorùbá

A kò ní kí olùkọ́ Yorùbá gba iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe. Ohun tí a ń béèrè ni ìjúwe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé àkọsílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbólóhùn márùn-ún péré, lórí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Kí olùkọ́ má gba "wọ́n ń ṣiṣẹ́" lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó bi í pé: ṣé wọ́n ń fà á ni, àbí wọ́n ń tì í? Ṣé wọ́n ń gbé e, àbí wọ́n ń wọ́ ọ? Ṣé wọ́n ń tò, àbí wọ́n ń yí i po? Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá tí ọmọ ìlú ńlá ti ń gbàgbé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lẹ́nu, nítorí ohun tí ó nílò wọn wà níwájú rẹ̀. Kí wọ́n sì jọ pinnu orúkọ tí wọn yóò máa pe ohun tí kò tíì ní orúkọ, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, bí a ti ṣe pẹ̀lú ìyá èèrà.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé bí a ṣe ń sin ìdílé èèrà láti ọjọ́ tí a bá ti rí ìyá wọn ní ìdí iná títí di ìgbà tí wọn yóò fi kúrò nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sí ilé oníyàrá. A ti fi hàn pé ìkánjú àti àìbìkítà ni ó ń pa wọ́n jù, a kò sì fi tiwa pamọ́. A sì ti sọ èrò wa pé ìyá èèrà ni orúkọ tí ó tọ́, nítorí orúkọ tí ó bá ohun tí ó ń jẹ́ ẹ mu ni ó ń bí ìbéèrè tí ó nítumọ̀.

Ìdílé kẹta tí ó wà ní ọ́fíìsì wa báyìí ti lé ní ọdún méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọlé wá fún ọ̀rọ̀ mìíràn a máa dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹni tí ó fara balẹ̀ pa èèrà rí ìfun rẹ̀. Ẹni tí ó fara balẹ̀ sìn ín ni yóò rí ìyá, ọmọ àti ilé.